Ẹ Jẹ́ Kó Tutù Ná

Ìrẹsì àti ata lásán ni wọ́n jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nílé apẹja. Kò sí ẹja nínú ọbẹ̀, kò sí egungun ẹja, òórùn ẹja tiẹ̀ ti ń kúrò lára ìkòkò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn ti kú, tí baálé ilé sì ti ń fi àjẹ̀ tukọ̀. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ kò lè kọjá ẹnu odò, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ lórí yanrìn. Ibi tí omi ti dákẹ́ ló máa wà, pẹ̀lú àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí egungun wọn ju ẹran ara wọn lọ. Àwọn yẹn gan-an, ọmọ aráyé ti kó wọn tán.

Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe baálé ilé náà. Bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀ kó tó jáde. Kì í jà, kì í pariwo, gbólóhùn tó bá sọ láàárọ̀ lè gbé e dé ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ìyá Eléèéfín ni wọ́n ń pe òun, nítorí ẹja ló ń yan tà, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti ń bá èéfín gbé. Ní báyìí, ààrò rẹ̀ tutù débi pé ológbò Aránṣọ, ará ilé kejì, ti bímọ mẹ́rin sínú rẹ̀, ó sì ń wo onílé bí ẹni tó ti san owó ilé ọdún kan.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Eléèéfín, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló bá wọn rí ẹ́ńjìnnì mìíràn, àlòkù tó ní ó dára bíi tuntun. Momẹnìkan ni orúkọ tí àwọn èèyàn fún un. Kò sí ohun tí ènìyàn lè máa wá láyé yìí, yálà páànù ni o, yálà ìyàwó ni o, tí kò ní sọ pé, "Mo mọ ẹnìkan." Ọlọ́jà tó ni ẹ́ńjìnnì náà ní òun ò ní dúró kọjá ọjọ́ yẹn, pé ẹlòmíì ń bọ̀ wá mú un. Owó àjọ tí Ìyá Eléèéfín kó ni wọ́n fẹ́ fi rà á, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá dára, Pẹ̀lẹ́ àti àkọ́bí wọn ọkùnrin á jáde sójú òkun lọ́la. Bí kò bá dára, wọ́n á ṣì jáde lọ́la, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù wà.

"Mò ń bá yín lọ," ni Ìyá Eléèéfín wí, bó ṣe ń kó àwo nílẹ̀.

Pẹ̀lẹ́ fi omi fọ ẹnu, ó tu ú dànù. "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ wò ó."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti wò ó."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀yàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ máa yẹ ìdí ẹ̀ wò?"

Ọkùnrin náà fa àga. Ó jókòó, ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

"Bàbá àwọn ọmọ, mo bi yín."

"Àna mi ni," ni Pẹ̀lẹ́ wá sọ níkẹyìn. "Ó ti fọwọ́ sọ̀yà. Mi ò lè dúró níwájú ẹ̀ kí n máa tú ohun tó mú wá fún mi bí ẹni ń yẹ ewúrẹ́ lẹ́nu wò. Ìyẹn ni pé mo pè é lónírọ́."

Ẹ ò rí nǹkan. Ká ní ọwọ́ àjèjì ni Pẹ̀lẹ́ ti fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì yìí ni, á tú u palẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ àpò. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń tún tiẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹni tó fún un níyàwó ló ṣe alágbàtà, ó ti múra láti di ojú méjèèjì kó sì san owó. Ìtìjú ti pa èèyàn púpọ̀ lójú omi ju ìgbì lọ.

"Ẹ̀yin ni ẹ lánà," ni ìyàwó rẹ̀ sọ. "Èmi, ọmọ ìyá mi ni. Èmi lè yẹ̀ ẹ́ lẹ́nu wò."

Ohùn kan wọlé láti ojú fèrèsé. Aránṣọ ni, tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tiẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kankan má baà kọjá òun. "Ìyá Eléèéfín, ẹ bá wọn lọ o. Ṣé ẹ ti gbọ́ ti Aláwọ̀n?"

Aláwọ̀n ni ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe nísàlẹ̀ àdúgbò, tó sì tún ń pẹja díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n rí i lánàá," ni Aránṣọ ń wí lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ọjọ́ kẹta tó ti wà lójú omi. Ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló dákẹ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ẹnu odò, omi sì ń gbé e lọ. Ètè ẹ̀ ti bó, wọ́n ní kò lè mu omi àfi bí wọ́n bá fi ṣíbí bù ú fún un. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n."

"Níbo ló ti rà á?"

"Èmi ò bi í léèrè. Ẹni tí ò lè mu omi, ṣé ìyẹn ló máa júwe ọjà?"

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyí. Wọ́n á lọ ra ẹ́ńjìnnì tó ti mu omi iyọ̀ kú, èyí tí wọ́n fà jáde lára ọkọ̀ tó rì. Wọ́n á ha ìpẹtà ara rẹ̀, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí i, wọ́n á lẹ àmì tuntun mọ́ ọn, wọ́n á wá gbé e síbi tí oòrùn á ti máa tàn sí i. Kò sí ìwé, kò sí ẹ̀rí, bó bá sì kú lọ́wọ́ ẹni tó rà á, wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n lò ni. Wọn kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Omi ló ń bá wọn pa á.

Momẹnìkan dé kí oòrùn tó mú, ó dé fìlà rẹ̀ gẹ̀gẹ́. Nígbà tó rí i pé àbúrò rẹ̀ ti so owó mọ́ ìdí, tó sì ti wọ bàtà, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀.

"Àbúrò, ìwọ náà ń lọ ni? Ọjà ọkùnrin ni o."

"Owó obìnrin sì ni," ni Ìyá Eléèéfín fèsì.

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ, Momẹnìkan níwájú, Pẹ̀lẹ́ láàárín, obìnrin náà lẹ́yìn.

Abẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ọlọ́jà náà wà. Ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án ló gbé kọ́ ara pákó, ní ìlà kan, bí aṣọ tí wọ́n sá. Dúrọ́ọ̀mù omi kan dúró sí ẹ̀gbẹ́, níbi tó ti ń dán wọn wò fún oníbàárà. Ẹ̀wù funfun ni ọkùnrin náà wọ̀. Ìyá Eléèéfín wo èékánná rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó ṣe é ní kàyéfì pé ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lè ní irú èékánná bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìyá, ẹ káàbọ̀. Òun nìyí." Ó nawọ́ sí ọ̀kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, tó ń dán yinrinyinrin. "Ẹnìkan ṣoṣo ló lò ó rí, ìyẹn náà ò gbé e dé inú omi iyọ̀ rí. Láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, mi ò tiẹ̀ tan-án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi hàn yín."

Ó sọ ìdí ẹ́ńjìnnì náà sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ́ńjìnnì dún, omi inú dúrọ́ọ̀mù ń hó yèè. Pẹ̀lẹ́ tẹ̀ síwájú, ó wo ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ti gbọ́dọ̀ máa jáde. Ó ń jáde. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé eyín rẹ̀ hàn, ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò rí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyẹn dun obìnrin náà dé egungun, nítorí ó ti ń fura.

Ọlọ́jà pa á. "Fífà kan. Ẹ ti rí i báyìí?"

"Ṣé mo purọ́?" ni Momẹnìkan wí. "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Àbúrò, tú owó."

Ìyá Eléèéfín kò tú owó. Kí ọlọ́jà tó fa okùn náà rárá, nígbà tí wọ́n ṣì ń kí ara wọn, ó ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì aláró náà. Kò ro nǹkan kan sí i. Bó ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ààrò lójoojúmọ́ nìyẹn, kó lè mọ̀ bóyá iná ti tó láti to ẹja lé e. Ọwọ́ yẹn kì í ṣì í lọ́nà. Ọwọ́ yẹn sì ti sọ fún un pé ara ẹ́ńjìnnì náà gbóná. Ó wá rìn lọ sídìí àwọn mẹ́jọ tó kù, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn tutù. Abẹ́ páànù kan náà ni gbogbo wọn wà.

"Ẹ forí jì mí," ló sọ fún ọlọ́jà. "Ọjọ́ mẹ́rin lẹ ní ẹ ti tan-án gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ mẹ́rin, Ìyá."

"Mo fọwọ́ kàn án kí ẹ tó fà á. Kí ló dé tó jẹ́ pé èyí tó ti ń sùn láti ọjọ́ mẹ́rin nibà mú?"

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Ó ní oòrùn ni. Ìyá Eléèéfín wo orí páànù, ó wo ilẹ̀, kò rí oòrùn kankan níbẹ̀. Ó yí ojú sí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Pẹ̀lẹ́. Òun náà mọ̀: ẹ́ńjìnnì tó ti gbó kì í gbọ́ ti ẹni bí ara rẹ̀ bá tutù, àfi kí wọ́n ti bá a jà ní bòókẹ́lẹ́ títí ara rẹ̀ á fi gbóná kí oníbàárà tó dé. Òwúrọ̀ kùtù sì ni apẹja ń jáde, kò sí ẹni tó ń bá a yá ẹ́ńjìnnì lójú òkun. Ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò wo ọlọ́jà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

Ìyá Eléèéfín fa korobá kan, ó dà á délẹ̀, ó jókòó lé e. "Ẹ jẹ́ kó tutù ná," ló wí. "Lẹ́yìn náà, ẹ tún un fà. Bó bá gbà, owó ń bẹ níbí."

"Àbúrò, dìde." Momẹnìkan rẹ ohùn sílẹ̀. "O fẹ́ dójú tì mí. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ tán lórí nǹkan yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ ń dùn yín."

"Ṣé èmi lò ń pè lónírọ́?"

"Mi ò pe ẹnì kankan lónírọ́. Mo ní kó tutù ni."

Wọ́n dúró. Ọlọ́jà wọlé, ó jáde, ó fi ẹsẹ̀ gbá ìdérí agolo kan. Ó ní ọjà òun kì í ṣe ibùdó ìsinmi. Ó ní àwọn tó lówó kì í jókòó, wọ́n máa ń rà ni. Ìyá Eléèéfín ń gbọ́, ó ń fi etí ìró fẹ́ ara rẹ̀. Òjìji páànù ń sún díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbéèrè kan láìwo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló mú Aláwọ̀n wá síbí?"

Momẹnìkan gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀. Ó tún un dé. Ó wá jókòó sórí pákó, jìnnà sí wọn díẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó dìde.

Bàbá arúgbó kan ló wá dé, ó wọ bàtà rọ́bà, ó fún àpò owó rẹ̀ mọ́ abíyá. Òun ni ẹlòmíì tí ọlọ́jà ní ó ń bọ̀. Ọlọ́jà yọ̀ mọ́ ọn, ó fà á lọ sídìí ẹ́ńjìnnì aláró náà. "Bàbá, àwọn wọ̀nyí ò lè pinnu. Bí ẹ bá sanwó báyìí, tiyín ni."

Ọwọ́ Bàbá ti wà lẹ́nu àpò. Ìyá Eléèéfín wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ nìyẹn, ó sì ti tú àṣírí ọmọ ìyá rẹ̀ níta gbangba. Bó bá dákẹ́, arúgbó yìí ló máa gbé ikú wọn lọ sílé.

Pẹ̀lẹ́ ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá," ló wí, ohùn rẹ̀ ò le rárá, "ẹ bá wa jókòó. Ó ń tutù lọ́wọ́."

Bàbá wò ó. Ó wo obìnrin tó jókòó lórí korobá. Ó wo Momẹnìkan tó doríkodò. Àgbà ni, kò béèrè pé kí ló ń tutù. Ó na ọwọ́, ó kan ẹ́ńjìnnì náà, ó tún fún àpò owó rẹ̀ mọ́ abíyá, ó sì wá ibi jókòó. Ọlọ́jà sọ gbólóhùn kan tí a kò ní kọ síbí.

Àwọn ará títì ti ń dúró wò wọ́n nígbà tí Ìyá Eléèéfín dìde, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. "Ó ti tutù."

Pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ sọ ìdí ẹ́ńjìnnì náà sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fà á títí ó fi bọ́ ẹ̀wù. Ọlọ́jà ní pọ́lọ́ọ̀gì ni, ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Ó ní epo ni, ó da epo mìíràn sí i. Ó ní wọn ò mọ̀ ọ́n fà ni, ó wá di okùn náà mú fúnra rẹ̀, ó ń fà, ó ń làágùn, ẹ̀wù funfun náà sì rí ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì aláró náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí arúgbó, kò tún sọ nǹkan mọ́.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún," ni Bàbá wí, bó ṣe ń dìde, "ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèyí ò tiẹ̀ tó ọjọ́ kan." Ó kí Ìyá Eléèéfín, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà sáré kúnlẹ̀ fún òun náà. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

Wọn ìbá ti lọ sílé ní ọwọ́ òfo. Ṣùgbọ́n Pẹ̀lẹ́ ti rí nǹkan kan lẹ́yìn ìlà náà, níbi tí wọ́n kó taya àti àkísà sí. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, okùn ni wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn ńkọ́?" ló bi ọlọ́jà.

"Ìyẹn? Mi ò tíì tún un ṣe."

"Ìyẹn gan-an la fẹ́ rí," ni Ìyá Eléèéfín sọ.

Ní báyìí tí ìtìjú ti bọ́ lára gbogbo wọn, Pẹ̀lẹ́ wá di ẹni tó jẹ́. Ó ya sípánà, ó tú ìdérí ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, ó ní kí ọ́ìlì kán sí àtẹ́lẹwọ́ òun. Ká ní ó funfun bíi wàrà ni, omi ti wọnú rẹ̀ nìyẹn. Dúdú ni, ó mọ́. Ó mi abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi nídìí rẹ̀ wò, kò yẹ̀. Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. Ìyàwó rẹ̀ kàn án: ó tutù bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ àmù. Wọ́n wá gbé e sí dúrọ́ọ̀mù, Pẹ̀lẹ́ sì na okùn náà sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fà á."

Momẹnìkan wò ó pẹ́. Ó dìde, ó fà á. Kò gbà. Ó tún un fà, kò gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta ó húkọ́, lẹ́ẹ̀kẹrin ó dún, èéfín rú bo gbogbo wọn lójú, omi sì ń tú jáde ní ihò rẹ̀ dáadáa. Owó rẹ̀ kò tó ti aláró náà. Èyí tó ṣẹ́kù, Ìyá Eléèéfín tún un so mọ́ ìdí fún owó igi tó máa fi yan ẹja.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n dé etí omi. Àkọ́bí wọn ti gbọ́n omi inú ọkọ̀ nù, ó ń dúró. Wọ́n de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n jẹ́ kó tutù pátápátá, Pẹ̀lẹ́ fà á, òun àti ọmọ rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu odò láti dán an wò. Ìyá Eléèéfín àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sórí yanrìn. Ìró náà ń dín kù, ó ń dín kù, títí wọn ò fi gbọ́ ọ mọ́. Obìnrin náà kò mọ̀ pé òun ti di apá ẹ̀gbọ́n òun mú.

Ìró náà padà. Ó kéré ná, ó sì wá ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ yọ, ọmọ rẹ̀ jókòó níwájú, ó ń ju ọwọ́ sí wọn. Omi wá sójú Ìyá Eléèéfín, kò sì fi pa mọ́. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó wọ inú omi dé orúnkún, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà.

"Ó gbóná," ló wí.

"Ó ṣiṣẹ́ ni," ni Pẹ̀lẹ́ dáhùn.

Wọ́n ní kí Momẹnìkan wá jẹun. Ó ní rárá, òun fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò. Gbogbo wọn mọ ilé tó ń lọ. Ó ti rìn díẹ̀ kí Pẹ̀lẹ́ tó pè é padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí Aláwọ̀n. Ẹ ní nígbà tí ara ẹ̀ bá yá, ààyè ẹnìkan wà nínú ọkọ̀ wa, títí á fi rí tiẹ̀."

Momẹnìkan mi orí pé òun gbọ́. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ mú un lọ.

Ìyá Eléèéfín délé, ó wá agbọ̀n, ó tẹ́ àkísà sínú rẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ ológbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá wọn ń tẹ̀lé e, ó ń ráhùn. Ó gbé agbọ̀n náà lọ sójú fèrèsé Aránṣọ.

"Ẹ gba àwọn ọmọ yín o," ló wí. "Mo fẹ́ dáná lọ́la."